Taslim Elias: Akọ̀wé Rélùwéè tí ó di Olórí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí, a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo yín gbọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, kí òyìnbó tó dé, ǹjẹ́ àwọn baba ńlá wa ní òfin, àbí àṣà lásán ni wọ́n ní? Ẹni tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin nínú wa yóò ti bá ìbéèrè yìí pàdé nínú ìwé. Ìwé àtijọ́ púpọ̀ ni ó fi yéni pé òfin ni èyí tí a kọ sílẹ̀, tí adájọ́ tí ó dé irun funfun ń kà, tí ọlọ́pàá sì ń múni lé lórí. Èyí tí baálé ń sọ nínú agbo ilé, tàbí tí ọba àti àwọn ìjòyè ń dá ní ààfin, wọ́n ní àṣà ni.

Ọmọ Èkó kan wà tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí bí iṣẹ́. Ó kọ ìwé lé e lórí, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òfin ní yunifásítì, ó di Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì di ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Orúkọ rẹ̀ ni Taslim Ọláwálé Elias. Àwọn tí ń kọ́ òfin mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àwa yòókù, ká má purọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni púpọ̀ nínú wa gbọ́. Kì í ṣe oríkì ni a fẹ́ kì fún un níhìn-ín o. Iṣẹ́ tí ó ṣe láyé ní ibi tí ó dán, ó sì ní ibi tí ó ṣú, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé.

NÍNÚ Ọ́FÍÌSÌ RÉLÙWÉÈ

Èkó ni a ti bí Elias, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1914, ọdún kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Ó lọ sí CMS Grammar School, ó sì lọ sí Igbobi College. Nígbà tí ó jáde, kò sí yunifásítì kankan ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́n, tí bàbá rẹ̀ kò sì lówó ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ akọ̀wé ló kù fún un. Elias kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Rélùwéè, ní ọ́fíìsì Olùṣírò Owó Àgbà. Ibẹ̀ ló wà láti ọdún 1935 títí di 1944.

Rélùwéè yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá tí a wà lẹ́yìn odi. Ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá gba Jẹ́bà àti Mínà kọjá, tí wọ́n fi dé Kàdúná, Zaria àti Kánò, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Elias kò bá ojú irin lọ síbì kankan ní tirẹ̀. Orí àga ló wà, ó ń kọ iye owó sínú ìwé gbàǹgbà ní ọ̀sán, ó sì ń ka ìwé òfin ní alẹ́.

Bí ó ṣe ṣe é nìyí. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ètò kan fún ẹni tí kò bá lè wá sí ìlú wọn. Wọn yóò fi ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ yóò wá ìwé rà, yóò kọ́ ara rẹ̀, yóò sì ṣe ìdánwò kan náà tí àwọn tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe. Kò sí olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé, kò sí akẹgbẹ́ tí a óò yá ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ara yín, ẹ má bínú.) Ọ̀nà yìí ni Elias gbà yege ìdánwò ìpele kìíní fún oyè BA àti fún oyè òfin pa pọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ní 1944, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ń lọ sí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó gba BA rẹ̀ ní ọdún náà, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú òfin ní 1946, ó gba ìkejì ní 1947, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Inner Temple lọ́dún kan náà. Nígbà tí yóò fi di 1949, ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún ní irú oyè bẹ́ẹ̀.

ÀṢÀ NI ÀBÍ ÒFIN?

Ó ṣeé ṣe fún un láti padà wálé kí ó wá ṣí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò sí Èkó, kí owó máa wọlé. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn. Òun dúró sí ìdí ìwádìí, ní Manchester àti ní Oxford. Ní 1951 ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà jáde, Nigerian Land Law and Custom. Ní 1956 èyí tí ó mú orúkọ rẹ̀ kárí ayé tẹ̀ lé e, The Nature of African Customary Law.

Àwọn tí ó ń dá lóhùn nínú ìwé kejì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó tí wọ́n sọ pé ọmọ Áfíríkà kò mọ òfin. Wọ́n ní ìbẹ̀rù òrìṣà àti ìbẹ̀rù àwọn ẹbí ló ń darí rẹ̀, pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ṣẹ̀ sí ìlú àti gbèsè láàárín ẹni méjì, pé ẹbí nìkan ni ó wà, kò sí ẹnì kan tí ó dá dúró tí a lè mú fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Elias kó àpẹẹrẹ jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà, ó fi hàn pé ìlànà wà tí àwọn ènìyàn mọ̀, pé ẹni tí ń dájọ́ wà, pé ìtanràn àti ìyà wà fún ẹni tí ó bá rú u. Bí a ṣe ń ṣe é lè yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òfin ni.

Àwa gan-an ní ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbé òwe yìí lọ fún olùkọ́ òfin yín, yóò sọ fún yín pé ọ̀kan nínú òpó méjì tí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ dúró lé ni, yóò sì fi èdè Látìn pè é. Kò sí òyìnbó tí ó kọ́ àwọn bàbá wa ní èyí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún fi í hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Apápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, ìjòyè onífìlà funfun ní Èkó. Wọ́n ní owó gbà-má-bìínú tí àwọn yóò san kò pọ̀, nítorí pé Olóyè Olúwa kò ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́, ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olóyè náà gbé ẹjọ́ dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 àwọn adájọ́ dá a láre. Wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, olórí ìdílé ló ń bójú tó o fún wọn, nítorí náà iye tí ilẹ̀ náà tọ́ ní kíkún ni kí ìjọba san. Owó tí wọ́n san lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn jẹ́ £22,500. Ọmọ ọdún 6 ni Elias nígbà náà, ní Èkó kan náà tí àwọn ènìyàn ti jó tí wọ́n yọ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni ó kọ ìwé tirẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹjọ́ mìíràn tún wà tí a fẹ́ràn jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ọkùnrin kan kú ní Èkó, kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìyàwó 4 àti ọmọ 9 ló fi sílẹ̀. Báwo ni kí a ṣe pín ogún rẹ̀? Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́rin ni a óò pín in sí, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò mú ìdá mẹ́rin kan. Ọmọ tí ó bá dá nìkan wà nínú ìyá tirẹ̀ ni yóò mú odindi ìdá mẹ́rin náà. Bí a bá pín in ní orí-ó-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Àwọn òyìnbó ti fi gbólóhùn kan sínú òfin pé adájọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin ìbílẹ̀, àfi bí ó bá lòdì sí ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Gbólóhùn yìí ni adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dì mú. Ó ní ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn, pé ìdí-igi kò bá òdodo mu, kí wọ́n pín in dọ́gba. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà yí i padà ní 1958, Privy Council sì fara mọ́ èyí ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni òfin Yorùbá. Pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ lórí bí ohun tí kálukú yóò gbà ṣe pọ̀ tó, olórí ẹbí ní agbára láti ní kí a pín in ní orí-ó-jorí, kí àlàáfíà lè wà. Ẹ wò ó dáadáa. Ìlànà wà, ibi tí a ti lè yẹ̀ kúrò nínú ìlànà náà wà, ẹni tí yóò sọ pé àkókò tó láti yẹ̀ wà, ìdí tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ sì wà. Kí ni ó tún kù tí òfin ní tí èyí kò ní?

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa jiyàn lè sọ pé orí-ó-jorí dára fún ọmọ obìnrin ilé tí wọ́n bí ọmọ púpọ̀ sí. A kò kọ̀. Àwa pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ń jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a máa jiyàn pé òfin kan dára tàbí kò dára, ọ̀tọ̀ ni. Kí ẹnì kan sọ pé kò sí òfin níbẹ̀ rárá, ọ̀tọ̀ ni.

MÍNÍSÍTÀ, DÍÌNÌ, KÓMÍṢỌ́NÀ

Ní 1956 Elias lọ kọ́ni ní Yunifásítì Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò. Ní 1958 ó wà ní ìpàdé tí wọ́n ti ṣètò òmìnira wa ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn òfin fún ẹgbẹ́ NCNC. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, wọ́n fi í ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà Ìdájọ́.

Ohun kan wà tí ó ṣe ní ipò yìí tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ òfin lónìí ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí ó tó di 1962, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni agbẹjọ́rò ti ń kọ́ṣẹ́. Ó lè mọ òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé góńgó, kí ó dé Ìbàdàn kí ó má mọ ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ ẹbí. Ní 1962, nígbà tí Elias wà lórí àga, òfin jáde lórí ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò àti lórí iṣẹ́ wọn. Láti inú rẹ̀ ni Nigerian Law School ti wá. Ọdún náà ni Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Òfin bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, lábẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ L.C.B. Gower.

Ọdún mẹ́ta péré ni ẹ̀ka náà fi rí ìsinmi. Ní 1965 ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Èkó lórí ẹni tí yóò jẹ́ Gíwá. Wọ́n mú Eni Njoku kúrò, wọ́n fi Sàbúrì Bíòbákú sí i, ìjà náà sì di ti ẹ̀yà mọ́ ẹ̀yà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ gún Gíwá tuntun náà. Gower kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ òfin bá a lọ. Ahoro ni ó kù. Ahoro yìí ni Elias gbà ní 1966, nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àti Díìnì. Títí di 1972 ló wà níbẹ̀, ẹ̀ka náà sì dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdún 1966 yìí kan náà ni àwọn ológun gbàjọba nínú oṣù kìíní, tí gbogbo mínísítà sì di ẹni ilé. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, ìjọba Gowon pe Elias padà sí ipò Agbẹjọ́rò Àgbà. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ọkùnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ní Akọka, ó sì tún jẹ́ agbẹjọ́rò àwọn tí ó fi ìbọn gba ilé ìjọba. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni èyí dùn mọ́ nínú, kò sì dùn mọ́ àwa náà.

Kí a tó dé ti àwọn ológun, àwọn Yorùbá pàápàá ní ohun tí wọ́n lè bi í. Òun ni Mínísítà Ìdájọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1962, òun náà sì ni nígbà tí wọ́n gbé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, tí wọ́n fi rán an lẹ́wọ̀n ní 1963. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Privy Council dá Adégbénró láre lórí Akíntọ́lá nínú ẹjọ́ ta ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn yí ìwé òfin wọn padà, wọ́n sì mú kí àyípadà náà padà sẹ́yìn kí ó lè mú ẹjọ́ tí wọ́n ti dá. Kí ọdún tó parí, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá, kò sì sí ẹjọ́ kankan tí ó tún lọ sí Privy Council láti ibí mọ́.

Ní 1970 irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, èyí sì le ju ti ìṣáájú lọ. Ìjọba ológun Ìwọ̀ Oòrùn ti gba dúkìá àwọn kan lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe láti fi yẹ dúkìá wò. Ọ̀gbẹ́ni Lákànmí àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ náà, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, sọ pé ìjọba kò lè fi òfin dá ènìyàn lẹ́bi, iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Pé lóòótọ́ ni àwọn ológun ń ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n ìwé òfin ilẹ̀ wa kò tíì kú. Ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, Decree 28 jáde. Ó ní ìfipágbàjọba ti 1966 ti pa ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́, pé òfin ológun ló ga jù, pé ìdájọ́ èyíkéyìí tí ó bá lòdì sí i, òfo ni. Taslim Elias ni Agbẹjọ́rò Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan máa ń gbèjà rẹ̀ pé agbẹjọ́rò ni, ẹni tí ó bá gbà á síṣẹ́ ni yóò sọ̀rọ̀ fún; àti pé ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù kìíní ọdún náà, ìlú kò tíì fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi ìwé fi han gbogbo ayé pé ọba ilẹ̀ Áfíríkà kò ga ju òfin lọ, pé ọba tí ó bá kọjá ààyè rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún un, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé ní àkókò tirẹ̀ ni a kọ ọ́ sílẹ̀ pé sójà ga ju òfin lọ?

Ní 1972 Gowon fi í ṣe Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà tí Adémọ́lá fẹ̀yìn tì. Kò jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé ẹjọ́ kankan rí kí ó tó gun orí àga tí ó ga jù. Kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, Múrítàlá Mohammed gbàjọba lọ́wọ́ Gowon, láìpẹ́ sí i ìjọba tuntun náà ní kí Adájọ́ Àgbà máa lọ sílé. Wọ́n fi Darnley Alexander rọ́pò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ wo ni yóò gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ? Decree 28 ti ti ilẹ̀kùn náà láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

NÍ ÌLÚ THE HAGUE

Kò pẹ́ tí wọ́n lé e tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dìbò yàn án sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, ní 1975. Kì í ṣe àánú ni wọ́n fi ṣe fún un. Láti 1961 ló ti wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò òfin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ó wà lára àwọn tó kọ ìwé àdéhùn tí ó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní 1963. Nígbà tí gbogbo ayé sì péjọ sí Vienna ní 1968 àti 1969 láti ṣe òfin lórí bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn ṣàdéhùn, òun ni alága ìgbìmọ̀ ńlá tí ó yẹ gbogbo abala rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú òfin Vienna yìí, abala 52 sọ pé àdéhùn tí a bá fi ipá ogun tàbí ìhàlẹ̀ ogun gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kan, òfo ni. Ẹ rántí Ọba Dòsùnmú. Ní oṣù kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dúró sí ọ̀sà, ìbọn rẹ̀ kọjú sí Èkó, ni ọba fi fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé wọn lọ́wọ́. Òfin Vienna kò padà sẹ́yìn, kò lè tú ti Dòsùnmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á pé ọmọ Èkó ló jókòó sí àga alága nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí abala náà, ara wa yá.

Ní The Hague, ìjókòó tí Charles Onyeama, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ń fi sílẹ̀ ni Elias bọ́ sí ní 1976. Ó di igbákejì ààrẹ ní 1979. Nígbà tí ààrẹ, Humphrey Waldock, kú ní 1981, Elias dele fún un, ní 1982 wọ́n sì dìbò yàn án sípò ààrẹ. Ọmọ Áfíríkà kankan kò dé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bedjaoui ti Algeria àti Yusuf ti Sòmálíà tó dé.

Ẹjọ́ tí ó mú ìgbà rẹ̀ lókìkí jù ni ti Nicaragua. Orílẹ̀-èdè kékeré yìí pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní oṣù kẹrin 1984 pé wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́ inú omi èbúté òun, pé wọ́n sì ń fi owó àti ohun ìjà ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ilé ẹjọ́ tí Elias jẹ́ ààrẹ rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú dídí èbúté náà. Gbogbo adájọ́ ló fọwọ́ sí èyí, títí kan adájọ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ní ilé ẹjọ́ náà kò ní agbára lórí òun. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ dáhùn pé òun ní in. Ní oṣù kìíní 1985 Amẹ́ríkà kó ìwé rẹ̀, ó ní òun kò bá wọn ṣe mọ́. Elias ti kúrò ní ipò ààrẹ nígbà tí ìdájọ́ ìkẹyìn jáde ní 1986, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára àwọn adájọ́ nígbà tí wọ́n dá Nicaragua láre.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ìdájọ́ náà já mọ́, nígbà tí Amẹ́ríkà kò sanwó? Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé kò ní ọlọ́pàá, lóòótọ́. Ilé ẹjọ́ Adémọ́lá ní 1970 kò ní sójà náà. Ohun tí ó jọ wá lójú ni pé ọkùnrin kan náà ló wà níhà méjèèjì: ní Èkó ó wà lọ́dọ̀ ìjọba tí ó sọ fún adájọ́ pé ìdájọ́ rẹ̀, òfo ni, ní The Hague ó wà lórí àga adájọ́ tí alágbára ń kọ ẹ̀yìn sí. A kò mọ ìwé kan tí ó fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ yé akẹ́kọ̀ọ́ tó èyí.

Elias kú ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó ṣì jẹ́ adájọ́ ní The Hague. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n yàn láti parí sáà rẹ̀ tí ó kù títí di 1994. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Àgbà lábẹ́ ìjọba ológun, ti Babangida, ni Ajíbọ́lá náà ti wá. Òun ló tún jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn nínú ẹjọ́ Bàkásì, tí kò sì fara mọ́ ìdájọ́ tí ó fún Cameroon ní ilẹ̀ náà ní 2002. Ní 2005 ó dá Crescent University sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì kú ní 2023. A óò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn, nítorí pé ó tó ohun tí a ń dá kọ.

Ní ti Elias àti Decree 28, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ olóòtú gbà pé ó yẹ kí ó ti kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1970, àwọn méjì sọ pé bí ó bá lọ, ẹni tí kò mọ òfin rárá ni wọn ì bá fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní èrò tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ojú ewé kan, kí ó sì fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. A óò tẹ èyí tí ó bá já gaara, ìbáà bá èrò wa mu, ìbáà má bá a mu.